Ìyá Àpótí àti Ihò Karùn-ún

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni obìnrin yìí fi ṣọ́ ilé kan tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju òkúta lọ. Páànù lórí òpó irin ni ilé náà, kò ní ògiri lápá méjì, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà ni ó sì wà. Pẹpẹ irin tò nínú rẹ̀ títí dé abẹ́ páànù, àpótí pákó sì kún orí pẹpẹ. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to òkúta roboto sí ní ẹsẹẹsẹ, òkúta tó gùn bí ọ̀pá, tó sì ki tó ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Nítorí àpótí wọ̀nyí ni gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é ní Ìyá Àpótí. Àwọn kan bá a ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá láì mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rí ọ̀pá òkúta náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí o bá ti páìpù kékeré bọ inú ọṣẹ rírọ̀, tí o sì fà á yọ, ohun tó wà nínú ọṣẹ náà yóò bá páìpù jáde. Báyìí ni ẹ̀rọ tí ń lu ihò ṣe ń ti páìpù bọ inú ilẹ̀ lọ títí, tí yóò sì máa gbé òkúta abẹ́ ilẹ̀ jáde ní ọ̀pá ọ̀pá. Ẹni tó bá to àwọn ọ̀pá náà bí wọ́n ṣe jáde lè dúró lórí ilẹ̀ kí ó sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà, láì wa òkè kankan.

Tálíkì ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Òun ni òkúta tó rọ̀ jù nínú gbogbo òkúta: èékánná lè ha á, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju òkúta ọṣẹ lọ. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, ó di pàúdà funfun tí ń wọ inú bébà, ọ̀dà, àwo, rọ́bà, àti èyí tí à ń bù sí ara ọmọ. Ní àtayébáyé, omi gbígbóná rú gba inú òkúta dúdú kan kọjá lábẹ́ ilẹ̀, ó ń sè é, ó sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi náà dé di funfun, ó rọ̀. Ibi tí kò dé wà ní dúdú bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí funfun náà kì í fi í lọ tààrà. Yóò wú níhìn-ín, yóò tín-ín-rín lọ́hùn-ún, nígbà mìíràn yóò sì pòórá pátápátá.

Aránṣọ ni Ìyá Àpótí kó tó débẹ̀. Wọ́n gbà á láti máa gbálẹ̀ kí ó sì máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú ilé náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, nítorí pé òun nìkan ló mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Kò lè fara da ohun tí kò sí ní àyè rẹ̀. Nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí àwọn bá sùn pẹ́ jù, màmá àwọn yóò fi nọ́ḿbà sí àwọn lórí kí ó tó to àwọn sórí pẹpẹ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ó ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì dìde. Ó ṣí páànù ilé òkúta bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó bi pẹpẹ àkọ́kọ́ wó lu èkejì, èkejì wó lu ẹ̀kẹta, títí gbogbo wọn fi balẹ̀. Àádọ́jọ àpótí ló wà níbẹ̀, òkúta ihò méje. Bí ọgbọ̀n nínú wọn ló balẹ̀ láì dojú dé. Àwọn yòókù dà sórí ara wọn. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fọ gbogbo ohun tí wọ́n fi yíǹkì kọ sára àpótí dànù. Nígbà tí obìnrin náà débẹ̀, ọ̀pá òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló wà nínú ẹrẹ̀, tó fọ́nká láì ní orí láì ní ìdí. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó wo orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wàhálà mìíràn ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé. Nínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa tálíkì, funfun náà ti dé ibì kan, ó sì pin lójijì sára òkúta dúdú, bí ojú ọ̀nà tó dópin sára ògiri. Ilẹ̀ ti yẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà láéláé, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyókù gbà. Ọ̀gá àgbà ibi ìwakùsà náà, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Màdáámú, ti sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ohun tó kù kò ní tó ọdún kan. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bébà, tó ń rà jù lọ́wọ́ wọn, fẹ́ mọ ibi tí òkúta ọjọ́ iwájú yóò ti wá. Bí wọn kò bá rí èsì gidi, wọn yóò lọ rà níbòmíràn.

Ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ òkúta kan ló ń darí iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀. Awò kékeré tó fi ń wo òkúta máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà, torí náà Ọ̀gá Awò ni wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò sì tíì pé oṣù méje tó dé. Ó wo òkìtì òkúta náà, ó mi orí, ó ní ọ̀pá òkúta tí ènìyàn kò mọ ihò tó ti wá kò yàtọ̀ sí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n fi katakata kó o, kí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà.

Ìyá Àpótí kò bá a jiyàn. Ó wẹ ọwọ́, ó wẹ ẹsẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì Màdáámú.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó òkúta yẹn. Mo fẹ́ tò ó padà."

Màdáámú gbé ojú sókè. Ó ní, "Màmá, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó tẹ̀lé èyí?"

"Bí òkúta bá kán, ojú méjì ló máa ní. Ojú tó wà lára èyí máa bá ojú tó wà lára ìkejì rẹ̀ mu. Kò sí òkúta mìíràn láyé tó lè bá a mu bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gé aṣọ olódòdó, mo sì ń rán an pọ̀ kí òdòdó má bàa yà. Ó gba sùúrù ni, kò gba agbára."

Màdáámú rò ó díẹ̀. Ó ní katakata náà wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn, oṣù mẹ́ta ni yóò lò kó tó padà. Ó ní òun kò ní ẹni tí òun lè fún un láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí katakata bá dé tí òkúta ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kíkó ni wọn yóò kó o. Ìyá Àpótí dúpẹ́, ó jáde. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ yà wọ́n ní àwọ̀: dúdú, àwọ̀ ewé, eérú, funfun. Ó tún yà wọ́n bí wọ́n ṣe ki sí. Lẹ́yìn náà ló wá ń wo ìlà inú wọn, ibi tí ìlà funfun gba inú dúdú kọjá, bó ṣe dagun sí àti bó ṣe fẹ̀ sí. Àwọn àpótí tí kò dojú dé ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ó sì rí ohun kan tí òjò kò lè fọ̀: àwọn tó lu ihò láyé àtijọ́ máa ń fi ègé pákó sí àárín òkúta láti fi sàmì bí ihò ṣe jìn tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ nọ́ḿbà sára pákó náà. Bí ọ̀pá méjì bá bá ara wọn mu, yóò fi ọ̀dà pupa fa ọfà sára wọn láti fi ìsàlẹ̀ hàn, yóò sì gbé wọn sínú àpótí.

Ogójì péré ló rí tò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ń ro ó, ìka rẹ̀ ń là nítorí omi àti ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà tí oṣù kan pé, ó ti to ihò kan tán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú dúróọ̀ ọ́fíìsì, ó rí ìwé tí àwọn onímọ̀ òkúta àtijọ́ fi ṣe àkọsílẹ̀ ihò méjèèje. Ó fi ihò tó tò wé ohun tó wà nínú ìwé. Wọ́n bára mu rẹ́gí.

Nílé, ọkọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ yìí gan-an ti ń darí ẹ̀rọ tí ń lu ihò níbẹ̀ rí, títí ọjọ́ tí páìpù tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ òsì, tó fi ku ìka mẹ́ta fún un. Láti ìgbà náà kò tẹ ọgbà ibi ìwakùsà mọ́. Ó ń kùn pé eruku funfun ti kún ilé, pé òkúta ti gba ìka lọ́wọ́ òun, ó tún wá fẹ́ gba orúnkún lọ́wọ́ ìyàwó òun. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tóun náà jẹ́ aránṣọ, wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó wá jókòó ti máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù òun, níbi tí fáànù wà. Nígbà tí kò gbà, àbúrò náà bi í bóyá òkúta ló bí i lọ́mọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, òun ló bí òkúta, ọmọ òun ló sọ nù, òun sì ń wá a.

Ọ̀gá Awò kọ́kọ́ máa ń kọjá lọ láì dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àpótí gbé orí sókè, ó rí i tó lóṣòó, ọ̀pá òkúta kan ní ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn ní ọwọ́ òsì, tó ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀. Ó kàn ti ọ̀dà pupa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí katakata dé nígbà tó to gbogbo ihò tán bí ìwé ṣe wí, àfi àyè kékeré kan nínú ihò kejì. Ṣùgbọ́n òkúta ṣẹ́kù nílẹ̀. Yàtọ̀ sí mẹ́rin tí ojú wọn kò bá ibì kankan mu, bí ogójì ọ̀pá funfun ni, tó tó mítà mọ́kànlá bí ènìyàn bá tò wọ́n mọ́ra, kò sì sí àyè fún wọn nínú ihò kankan. Ó tún ka ìwé. Ìwé ní ihò karùn-ún parí sí mítà mọ́kànlélọ́gọ́rin, nínú òkúta dúdú. Ó lọ gbé ọ̀pá dúdú tó kẹ́yìn nínú ihò karùn-ún, ó wo ìdí rẹ̀. Ojú kíkán ló wà níbẹ̀, ó mọ́, ó sì dagun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn funfun tó ṣẹ́kù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dúdú ní orí, ó di funfun ní ìdí. Nígbà tó gbé ìyẹn sí i, ó wọlé tẹ̀ẹ́, kò mì mọ́.

Ó lọ pe Ọ̀gá Awò. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́, ó sì ní ojú kíkán kan ṣoṣo kò tó. Ó ní òkúta ọṣẹ rọ̀, etí rẹ̀ máa ń jẹ, méjì tí kò bára tan lè jọ ara wọn. Ó ní bí òun bá gbé e lọ bá Màdáámú báyìí, tí wọ́n sì lu ihò tuntun tí wọn kò bá nǹkan kan, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà nìyẹn.

Ìyá Àpótí ní, "Ẹ̀rí tó tó ni mo máa wá, sà. Ẹ ṣáà má sọ pé kì í ṣe òun."

Ó ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo lu ihò karùn-ún. Dúdú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí funfun kankan níbẹ̀."

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ lù ú parí?"

Ọjọ́ méjì kọjá tí ọkùnrin náà kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju káàárọ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ pé ihò karùn-ún gan-an ni òun wà lórí rẹ̀ nígbà tí páìpù fi tẹ òun lọ́wọ́. Mítà mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n dé. Wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn, òun kò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ihò náà láti ìgbà náà, nítorí òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà, tó ṣì ń gbálẹ̀ nígbà náà, rántí pé onímọ̀ òkúta tó kọ ti ihò karùn-ún sínú ìwé yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bóyá àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ló lu ìyókù, tí wọ́n gbé àpótí wá, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wọ bàtà. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ wò ó."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó tún gba ẹnu ọ̀nà ọgbà náà wọlé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó gba ọ̀pá dúdú tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lára igi. Ó dúró. Ó gba funfun, ó fà á bákan náà. Ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá onímọ̀ òkúta wá.

Nígbà tí Ọ̀gá Awò dé, ọkùnrin náà fi hàn án. Ìlà tín-ín-rín kan wà lára òkúta náà tó gùn láti orí dé ìdí, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti fà kọjá. Ó ṣàlàyé pé òrùka irin kan wà nínú páìpù tí ń di òkúta mú kí ó má bàa já bọ́. Eyín kékeré kan ti ṣẹ́ lára òrùka tí wọ́n ń lò nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ ihò karùn-ún, ó sì ń ha gbogbo òkúta tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ti béèrè fún òmíràn, wọ́n ní kí òun máa lò ó ná. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ihò kẹfà ni wọ́n kó gbogbo irin ẹ̀rọ dànù, wọ́n sì ra tuntun.

Ó ní, "Ihò kan ṣoṣo ni òrùka yẹn lù. Ẹ wò ó lára àwọn ihò yòókù bí ẹ bá máa rí i."

Ọ̀gá Awò gbé awò sójú. Ó yẹ funfun ihò kìíní wò, ti ihò kẹta, ti ihò keje. Kò sí ìlà. Ó yẹ ogójì ọ̀pá tó ṣẹ́kù wò, ìlà náà wà lára gbogbo wọn. Lára dúdú ihò karùn-ún ó wà, láti òkè pátápátá. Ó bọ́ awò kúrò lọ́rùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà."

Ọ̀pá tí orí rẹ̀ dúdú, tí ìdí rẹ̀ funfun, ni ọkọ Ìyá Àpótí dì mú. Kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Bí òkúta ọṣẹ ṣe súnmọ́ wọn tó lọ́jọ́ tí páìpù tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màdáámú ti gbọ́. Ó wá fúnra rẹ̀, ó gbé ojú kíkán méjèèjì mọ́ra, ó yà wọ́n, ó tún gbé wọn mọ́ra. Ọ̀gá Awò ya àwòrán sílẹ̀ fún un: ibi tí ilẹ̀ ti yẹ̀, apá kan ló rì. Funfun náà kò pin, ìsàlẹ̀ ló lọ. Màdáámú ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, kí wọ́n lu ihò kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò karùn-ún.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lù ú. Ojoojúmọ́ ni tọkọtaya náà jókòó sábẹ́ ibòji tapólì kan nítòsí ibẹ̀, tí obìnrin náà ń gba ọ̀pá òkúta bó ṣe ń jáde, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tò ó. Dúdú ni, dúdú ni, dúdú ni. Wọ́n kọjá mítà mọ́kànlélọ́gọ́rin, dúdú ni. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìyá Àpótí ní kí wọ́n máa lù ú lọ, kò pọn dandan kí ilẹ̀ tó rì rì bákan náà níbi gbogbo. Ní mítà mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún, omi tó ń jáde lẹ́nu ihò yí padà, ó funfun bí omi ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àpótí kò jẹ́ kí ìdùnnú bo òun lójú. Nínú mítà méjì àkọ́kọ́, ó rí ohun kan tó dà bí irun nínú òkúta náà, ó ń tàn, ó sì ń fọ́ sí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ó ta omi sí i, ó bò ó, ó sì pe Ọ̀gá Awò. Àyẹ̀wò fi hàn pé òkúta abẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Màdáámú pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ wa apá yẹn rárá, kí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ìyókù wò ní gbogbo mítà. Ìyókù mọ́. Ilé iṣẹ́ bébà rán ènìyàn wá wò ó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Wọ́n kọ́ ilé òkúta tuntun tó ní ògiri lápá mẹ́rin. Ìyá Àpótí kò gbà kí wọ́n tún fi yíǹkì kọ nǹkan kan: ó ní kí wọ́n fi ìṣó kan irin tí wọ́n ti gbẹ́ nọ́ḿbà sí mọ́ àpótí. Wọ́n fún un ní òṣìṣẹ́ méjì, ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ojú kíkán mọ òkúta. Ọkọ rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti kọ́ àwọn tí ń lu ihò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin, àti ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sí. Àbúrò rẹ̀ aránṣọ kò dákẹ́, ó ṣì ń pè é sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, òun àti Ọ̀gá Awò jọ ka gbogbo àpótí, ihò kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀pá mẹ́rin ló ṣẹ́kù lórí tábìlì, dúdú méjì, àwọ̀ ewé méjì, tí kò rí ojú tó bá tiwọn mu láti ọjọ́ ìjì náà. Àyè ṣì wà nínú ihò kejì tó lè gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá Awò ní ṣé kí àwọn kúkú tò wọ́n síbẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè pé, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ìyá Àpótí ní rárá. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà pé a kò mọ ibi tí mẹ́rin yìí ti wá, ó sì buwọ́ lù ú.